Ẹ̀rọ Tí Kò Lójú

Ẹ̀rọ kan wà lẹ́yìn ilé ìkẹ́rù kòkó wa ní Oǹdó,
nínú yàrá tó jẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tẹ́lẹ̀.
A dí ihò rẹ̀, a kùn ún ní ọ̀dà funfun,
síbẹ̀ bí òjò bá rọ̀, òórùn àná a máa yọjú.
Kò ní ojú ìwòran, kò ní máòsì.
Iná ewé kan ṣoṣo ló ń ṣẹ́jú lára rẹ̀
bí ẹni tó ń tòògbé nílé ìjọsìn.
Láti Akúrẹ́ ni mo ti ń bá a sọ̀rọ̀,
lórí tábìlì mi ní Ìjọ̀kà,
ọ̀rọ̀ lásán, ìlà kan lẹ́yìn ìkan.
Ọdún méje rèé tó ti ń ka ìwọ̀n àpò kòkó,
kò béèrè rí pé báwo ni ojú òun ti rí.

Ní Tọ́sìdeè, Adégòróyè, ọmọ iṣẹ́ mi,
ní ká sọ sọ́fítíwíà rẹ̀ di tuntun, ti àtijọ́ ti ń jò.
Òótọ́ ni. Mo ní kó máa ṣe é, mo lọ bu omi mu.
Nígbà tí mo padà, ìka rẹ̀ ti wà lókè lẹ́tà Y.
"Dúró ná. Kí ló kọ síbẹ̀?"
Igba ó lé mẹ́tàdínlógún ẹrù tuntun.

Ẹnì kan ṣoṣo la pè,
èyí tó ń ya ìlà ìṣirò sínú ìwé ìròyìn oṣù.
Òun ní òun ò lè wá láìsí akunọ̀dà;
akunọ̀dà ní àfi bí fèrèsé bá wà;
fèrèsé ní ta ni yóò ta kọ́tìnnì sí òun lára;
kọ́tìnnì pe alágogo tí yóò máa dún bí a bá ṣí i,
alágogo kó àádọ́ta oríṣi lẹ́tà dání,
lẹ́tà gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí a kò ní,
ìtẹ̀wé fa ọmọ lọ́wọ́, ọmọ fa ajá.
Ajá ni mo pè é: àwòrán ọfà kékeré méjìlá
fún máòsì tí kò sí.

Ta ni yóò wò wọ́n?
Ta ni yóò wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóru
lọ kan sáárá sí òkè tí a yà sí ògiri?
Ẹni tó bá fẹ́ wo òkè, kó wọ mọ́tò lọ sí Ìdánrè.

Adégòróyè ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ ló ní ká mú wọn."
Ẹ̀rọ kò sọ bẹ́ẹ̀. Tún un kà.
Ọ̀tọ̀ ni "mi ò lè yè láìsí eléyìí,"
ọ̀tọ̀ ni "ìbá dùn bí eléyìí náà bá wá."
Ìyá mi a máa fi ohùn kan náà sọ méjèèjì
bó bá ń rán mi lọ ra nǹkan;
owó ọwọ́ mi ló kọ́ mi ní ìyàtọ̀.

Mo tẹ N.
Mo fi ọ̀rọ̀ gígùn kan kún àṣẹ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni:
àwọn tí wọ́n kàn dábàá, kí wọ́n jókòó sílé wọn.
Mo ní kó ṣe é lójú àlá ná, kó má fọwọ́ kan nǹkan.
Igba di mọ́kànlélógún.
Ó ṣì pọ̀. Akunọ̀dà ṣì fi ẹsẹ̀ há ilẹ̀kùn.
A wá a títí iná fi lọ,
íńfátà ń ké bí ọmọ ẹyẹ,
kí a tó rí àbúrò rẹ̀ lábẹ́ orúkọ mìíràn:
iṣẹ́ kan náà, kò bèèrè fèrèsé.
Ó ku mẹ́fà.
Mo ní kí Adégòróyè tẹ Y fúnra rẹ̀.

Èmi náà kì í ṣe ẹni tó mọ ilé tọ́jú o.
Àpótí kan wà lábẹ́ ibùsùn mi
tí n kò ṣí láti ọdún tí mo kúrò ní Òkè-Àró.
Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún un.

Ní Fúráìdeè, Ìyá Akíndùró gbé kòkó sórí ìwọ̀n,
kílò mẹ́tàlélọ́gọ́ta àbọ̀.
Nínú òkùnkùn, nínú òórùn àná,
iná ewé ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan.
Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀.